Iṣẹ́ abẹ tó ń mú sísanra wálẹ̀: Ṣé ó lè lé àtọ̀gbẹ lọ?

Ní èbúté Àpápá ní Ìpínlẹ̀ Èkó ni ọkọ̀ ojú omi ti ń já ṣúgà tí wọn kò tíì fọ̀ sílẹ̀ fún ilé iṣẹ́ Dangote. Ní Àpápá kan náà ni ilé iṣẹ́ Flour Mills ti ń lọ àlìkámà láti ọdún 1962. Ajégúnlẹ̀, tó fara ti Àpápá lábẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ Ajérọ̀mí-Ìfẹ́lódùn, ni ọ̀pọ̀ alágbàṣe èbúté náà ń gbé. Bí ènìyàn bá sanra ní irú àdúgbò bẹ́ẹ̀, wọ́n á ní ayé yẹ ẹ́. Ṣùgbọ́n àwọn oníṣègùn mọ̀ pé àsanjù, pàápàá ọ̀rá tó kó sí ikùn, wà lára ohun tó ń fa àtọ̀gbẹ, ìyẹn àìsàn ìtọ̀ ṣúgà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ènìyàn tún lè jogún rẹ̀.

Ìwádìí tí ìgbìmọ̀ olóògbé Ọ̀jọ̀gbọ́n Ọládípọ̀ Akínkúgbé gbé jáde ní 1997 fi hàn pé nǹkan bí ènìyàn 2 nínú 100 ló ní in ní Nàìjíríà nígbà náà. Nígbà tó di 2021, àjọ àgbáyé tó ń rí sí àtọ̀gbẹ fojú bù ú pé àgbàlagbà mílíọ̀nù 3.6 ló ń bá a yí ní orílẹ̀-èdè yìí.

Abájọ tí ọ̀pọ̀ fi ń tẹ́tí sí ìròyìn pé iṣẹ́ abẹ kan wà tó lè mú kí ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ wálẹ̀. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ó ní ààlà.

Oríṣi méjì ló wọ́pọ̀ nínú rẹ̀. Ní ti àkọ́kọ́, dókítà á gé èyí tó pọ̀ jù lára àpò oúnjẹ inú ikùn kúrò, èyí tó kù á sì rí gbọọrọ bí ọ̀gẹ̀dẹ̀. Ní ti èkejì, wọ́n á ya díẹ̀ sọ́tọ̀ lára àpò náà, tí kò ju ẹyin adìẹ lọ, wọ́n á sì so ìfun mọ́ ọn, kí oúnjẹ lè gba ọ̀nà àbùjá.

Dókítà Walter Pories àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Greenville, North Carolina, ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ló la ọ̀pọ̀ oníṣègùn lójú ní 1995. Nínú ènìyàn 146 tó ní àtọ̀gbẹ, tí wọ́n ṣe ọ̀nà àbùjá yìí fún, ṣúgà ẹni 121 padà sí bó ṣe yẹ. Ìyanu ibẹ̀ ni pé láàárín ọjọ́ mélòó kan ni ṣúgà ti máa ń wálẹ̀, kí ẹni náà tó rù.

Kí ló fà á? Oúnjẹ tó ń wọlé ti dín kù gan-an, ọ̀rá inú ẹ̀dọ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́. Yàtọ̀ sí èyí, bí oúnjẹ bá tètè dé ìsàlẹ̀ ìfun, ìfun á tú èròjà kan jáde tí wọ́n ń pè ní GLP-1. Òun ló ń ránṣẹ́ sí ẹ̀yà ara tó ń pèsè ínsúlìn pé kó múra sí iṣẹ́. Ínsúlìn ló sì ń ṣílẹ̀kùn fún ṣúgà láti kúrò nínú ẹ̀jẹ̀ wọ inú ẹran ara.

Ṣùgbọ́n àtọ̀gbẹ lè padà wá. Ní Sweden, wọ́n tẹ̀ lé àwọn tó ṣe irú iṣẹ́ abẹ bẹ́ẹ̀ fún ọdún 15. Lẹ́yìn ọdún 2, nǹkan bí 72 nínú 100 ló bọ́ lọ́wọ́ àìsàn náà. Nígbà tó fi máa di ọdún 15, ó ku nǹkan bí 30. Ẹni tó ti pẹ́ lẹ́nu rẹ̀ kì í sábà jèrè tó ẹni tó tètè ṣe é. Ẹ̀jẹ̀ lè ya, ojú ibi tí wọ́n rán lè jò, ẹni náà á sì máa lo fítámì títí ayé. Kò sì wà fún ẹni tí kò sanra.

Ní Nàìjíríà, àwọn ọsibítù aládàáni díẹ̀, pàápàá ní Èkó àti Àbújá, ló ń ṣe é, mílíọ̀nù náírà ló sì ń náni. Owó òòjọ́ alágbàṣe Ajégúnlẹ̀ kò lè ká a. Oògùn pàápàá ti gbówó lórí. Ní 2023 ni náírà já wálẹ̀, ọdún kan náà ni ilé iṣẹ́ Sanofi, tó ń ṣe ínsúlìn, kéde pé òun kò ní fúnra òun pín ọjà òun ní Nàìjíríà mọ́.

Ṣé kò wá sọ́nà fún mẹ̀kúnnù nìyẹn? Ó wà. Ní Scotland àti àríwá England, Ọ̀jọ̀gbọ́n Mike Lean àti Roy Taylor kó nǹkan bí ènìyàn 300 jọ, àwọn tí àtọ̀gbẹ kò tíì lò ju ọdún 6 lọ lára wọn. Wọ́n dín oúnjẹ ìdajì wọn kù gidigidi lábẹ́ àbójútó. Lẹ́yìn ọdún kan, bí èsì tó jáde ní 2017 ṣe fi hàn, 46 nínú 100 ló bọ́ lọ́wọ́ àtọ̀gbẹ láìlo oògùn. Nínú ìdajì kejì tí wọ́n ń tọ́jú bí àtẹ̀yìnwá, 4 péré ni. Láàárín àwọn tó fi kílò 15 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ rù, ó tó 86 nínú 100. Wọn kò fi abẹ kan ẹnikẹ́ni.

Èyí kò ní kí ẹnikẹ́ni ju oògùn nù o. Ẹni tó ń gún ínsúlìn tàbí tó ń lo glibenclamide, bó bá dédé fi ebi pa ara rẹ̀, ṣúgà rẹ̀ lè já wálẹ̀ débi tí yóò dákú. Dókítà ló gbọ́dọ̀ bá a dín oògùn kù.

Ẹni tó bá ń tọ̀ lemọ́lemọ́, tí òùngbẹ ń gbẹ lójoojúmọ́, tí egbò ẹsẹ̀ rẹ̀ kò san, kó tètè lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ wò. Ọsibítù ìjọba wà ní Àpápá, ó wà ní Ajérọ̀mí, ó sì wà ní ọ̀pọ̀ ìlú tó sún mọ́ ìgbèríko. Bí ṣúgà bá tó 126 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ní àárọ̀ kí ènìyàn tó fẹnu kan nǹkan, tí wọ́n sì tún un yẹ̀ wò tó rí bákan náà, àtọ̀gbẹ ti dé nìyẹn. Kékeré la ti ń pẹ̀ka ìrókò. Bó bá dàgbà tán, apá kì í ká a mọ́.