Ọwọ́ Ta Ni Iná Wà Gan-an?

Bí iná bá ti lọ báyìí, ẹ ó gbọ́ lójú ọjà pé "NẸPA ti mú un lọ." Ọdún 2005 ni wọ́n ti pa orúkọ yẹn rẹ́, ṣùgbọ́n ẹnu wa ò fi í sílẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ ká mọ̀ ni pé iná kì í ṣe iṣẹ́ ẹnì kan. Ní November 2013, ìjọba àpapọ̀ pín in: àwọn kan ń ṣe iná, wáyà ńlá wà lọ́wọ́ ìjọba, wọ́n sì fún ilé-iṣẹ́ mọ́kànlá ní títà rẹ̀ fún èmi àti ẹ̀yin.

Ní Kainji, omi Odò Ọya ló ń yí ẹ̀rọ láti 1968. Omi yẹn náà ló ń ṣàn dé Jẹ́bà tó tún ń yí ẹ̀rọ mìíràn, nítorí náà ará Jẹ́bà gbọ́dọ̀ mọ ohun tí ará Kainji ń ṣe. Ti Egbin, lẹ́bàá Ìkòródù, yàtọ̀. Gáàsì ni wọ́n fi ń se omi títí á fi di oru tó ń yí ẹ̀rọ. Bí onígáàsì bá ti páìpù, ará Egbin á káwọ́ lẹ́rán ni, bó ti wù kó mọṣẹ́ tó.

Ta ló wá ń mú wọn ṣọ̀kan? Òṣogbo ni. Àwọn tó jókòó níbẹ̀ tọ̀sán-tòru, nọ́ńbà kan ni wọ́n ń ṣọ́: 50, iye ìgbà tí iná ń lọ tó ń bọ̀ nínú wáyà láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Iná tó pọ̀ tó báyìí ò ṣeé rọ sápò bíi gàrí kéèyàn tà á lọ́la. Èyí tí wọ́n ń ṣe gbọ́dọ̀ bá èyí tí à ń lò mu. Bí lílò bá ju ṣíṣe lọ, nọ́ńbà náà á máa wálẹ̀. Òṣogbo á pe àwọn tó ń ṣe é kí wọ́n fi kún un, á pe àwọn tó ń tà á kí wọ́n pa apá kan ìlú. Bí wọn ò bá tètè gbọ́ ara wọn, ẹ̀rọ kan á pa ara rẹ̀ kó má baà bàjẹ́, ẹrù rẹ̀ á bọ́ sórí àwọn tó kù. Ẹ wo èèyàn mẹ́jọ tó gbé òrùlé ìsọ̀, tí méjì jọ̀wọ́ tiwọn lójijì. Bí gíríìdì ṣe ń wó nìyẹn. Nínú October 2024 nìkan, ó wó ju ẹ̀ẹ̀mejì lọ. Títan án padà náà, díẹ̀díẹ̀ ni: ibùdó kan á jí, wọn á fi iná tirẹ̀ jí èkejì.

Ohun tó ń bí mi nínú ni pé ibi tí ọwọ́ bá pọ̀ sí, ẹ̀bi máa ń rí ibi sá sí. Lọ́dún tó kọjá, ẹja inú fíríìsà mi jẹrà lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta láìsí iná. Mo dé ọ́fíìsì àwọn tó ń gbowó iná, ọmọkùnrin ibẹ̀ ní, "Màmá, Òṣogbo ni o." Òṣogbo kẹ̀? Iná ń tàn lódìkejì títì! Tiransifọ́mà tiwa ló jó. Bí gíríìdì bá wó, ìlú tó yí wa ká náà á ṣókùnkùn. Bó bá jẹ́ àdúgbò wa nìkan, àwọn tó ń tà á fún wa ni ká dì mú.

Ìwé kan wà ní ìsọ̀ mi. Bí iná bá lọ, ẹ wá sọ ọjọ́, aago, bóyá àdúgbò kejì ní iná, àti iye ọjà tó bàjẹ́. Ẹ̀yin ẹlẹ́rọ ata, tiyín ò tíì sí níbẹ̀ rárá. Ìparí oṣù la ó gbé e lọ sí ọ́fíìsì wọn.