Bí Iná Bá Kú: Ohun Tí Ìlú Kùmásì Fi Hàn Wá Nípa Àwọn Ìjọ Tuntun

Ẹni tó bá la ìlú Kùmásì já ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ìsinmi yóò gbọ́ orin ìjọ Mẹ́tọ́díìsì ní Adum, yóò sì pàdé àwọn aláṣọ funfun tí wọ́n ń lọ sí ilé àdúrà tiwọn. Kò sí ẹni tó ń yíjú wò wọ́n. Bẹ́ẹ̀ kọ́ ni ọ̀rọ̀ rí nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ dé. Ní ìgbà náà, ẹni ìfiṣẹ̀sín ni ẹni tó bá ń ríran, tó ń gbàdúrà pẹ̀lú ariwo, tó sì ń fi omi àdúrà wo aláìsàn. Lónìí, ọmọ àwọn ọ̀mọ̀wé tó ń fi wọ́n ṣẹ̀sín wà nínú wọn.

Èyí ló mú kí a béèrè pé: kí ló ń mú kí ìjọ tuntun kan di igi àràbà, kí òmíràn pín sí méjì, kí òmíràn sì gbẹ bí ìrì òwúrọ̀? Ọ̀pọ̀ ènìyàn á ní agbára wòlíì ló ń pín in. A kò jiyàn pé agbára ló ń pe èrò jọ. Ṣùgbọ́n bí a bá fi ara balẹ̀ wo ìtàn ilẹ̀ Gánà, a ó rí i pé ohun mìíràn ni kì í jẹ́ kí èrò tú ká. Àwọn àgbà ti sọ ọ́ tipẹ́: bí iná bá kú, a fi eérú bojú, bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ bá kú, a fi ọmọ rẹ̀ rọ́pò. Ìjọ tó bá ní ọmọ tí yóò rọ́pò rẹ̀ ni yóò dúró.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ Sampson Oppong. Ní nǹkan bí ọdún 1920 ni ọkùnrin yìí bẹ̀rẹ̀ sí í wàásù káàkiri ilẹ̀ Àṣáńtì pé kí wọ́n kó òrìṣà dànù. Kò mọ̀wé. Òkúta kan ló máa ń mú lọ́wọ́, ó ní lára rẹ̀ ni òun ti ń ka ohun tí Ọlọ́run rán òun. Láàárín ọdún díẹ̀, ènìyàn tó ju 10,000 lọ ti tipasẹ̀ rẹ̀ wá sí ìjọ Mẹ́tọ́díìsì. Oppong kò dá ìjọ tirẹ̀ sílẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kò ní ọmọ ẹ̀yìn tó fi iṣẹ́ lé lọ́wọ́. Nígbà tó fi máa kú ní ọdún 1965, òkìkí rẹ̀ ti wọmi tipẹ́. Ta ló wá jogún àwọn tó kó jọ? Àwọn tó ní olùkọ́ ni. Ní ọdún 1924 ni ilé-ẹ̀kọ́ Wesley College ṣí ìlẹ̀kùn ní Kùmásì láti kọ́ àwọn tí yóò máa kọ́ni. Wòlíì pe èrò, tíṣà ló sì mú wọn dúró. Odò kékeré wọ inú odò ńlá, orúkọ rẹ̀ sì parẹ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé omi rẹ̀ ń ṣàn lọ.

Ìtàn kejì jẹ mọ́ àwa ọmọ Yorùbá gan-an. Ní Asamankese, ní ìhà gúúsù ilẹ̀ náà, ọkùnrin kan wà tó ń jẹ́ Peter Anim. Ó ń ka ìwé ìròyìn ìjọ Faith Tabernacle, tó ń ti ìlú Philadelphia ní Amẹ́ríkà wá. Ìwé ìròyìn kan náà yìí ni Joseph Shadare àti ẹgbẹ́ aládùúrà rẹ̀ ń kà ní Ìjẹ̀bú-Òde lẹ́yìn àjàkálẹ̀ àrùn ọdún 1918. Ẹ̀kọ́ kan náà ni wọ́n rí kọ́ níbẹ̀: Ọlọ́run nìkan ni oníṣègùn, onígbàgbọ́ kò gbọdọ̀ lo oògùn. Nígbà tó yá, ìhà méjèèjì ké sí ìjọ Àpọ́sítélì ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn òyìnbó dé Nàìjíríà ní ọdún 1931. James McKeown dé Gold Coast ní ọdún 1937. Kò pẹ́ tí ibà fi mú McKeown, wọ́n sì gbé e lọ sí ilé-ìwòsàn. Nàìjíríà ńkọ́? Kwinín tí àwọn òyìnbó ń lò dá ìjà sílẹ̀ níhìn-ín pẹ̀lú. Ní ọdún 1939 ni Anim àti McKeown pínyà. Kò pẹ́ sí ìgbà náà ni Joseph Babalola, D. O. Odubanjo àti Isaac Akinyele náà bá tiwọn lọ. Ìjọ méjì tí wọn kò jọ wá láti ilé kan jà ìjà kan náà, orúkọ kan náà ni wọ́n sì mú: Christ Apostolic Church.

Ẹni tó bá wo ìpínyà yìí á rò pé ó ti parí fún gbogbo wọn. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ní ọdún 1955, Akinyele, tó ti fi ìjọ Áńgílíkà sílẹ̀ bá àwọn aládùúrà lọ, di Olúbàdàn ti ilẹ̀ Ìbàdàn. Ní Gánà, McKeown já ara rẹ̀ gbà lọ́wọ́ àwọn ọ̀gá ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún 1953. Nígbà tí ìjà orúkọ àti ohun-ìní kò tán, ìjọba Nkrumah dá sí i, àwọn ènìyàn McKeown sì yí orúkọ padà sí Church of Pentecost ní ọdún 1962. Ní ọdún 1982 ó fi ipò sílẹ̀ fún ọmọ Gánà, F. S. Safo. Ìjọ náà sì ti di ọ̀kan nínú àwọn tó tóbi jù lọ ní ilẹ̀ náà.

Ìtàn kẹta ṣẹlẹ̀ ní Kùmásì gan-an. Ní ọdún 1953 ni Adeleke Adejobi gbé Ìjọ Olúwa Aládùúrà wọ ìlú náà. Ìjọ yìí ni Josiah Oshitelu, tíṣà tí ìjọ Áńgílíkà lé kúrò lẹ́nu iṣẹ́, dá sílẹ̀ ní Ògèrè Rẹ́mọ ní ọdún 1930. Àwọn ọmọ Gánà rọ́ wá gba àdúrà. Adejobi mọ̀ pé ìran rírí nìkan kò tó. Ó lọ kẹ́kọ̀ọ́ Bíbélì ní Glasgow, ó sì dá ilé-ẹ̀kọ́ sílẹ̀ fún àwọn wòlíì. Nígbà tí Oshitelu kú ní ọdún 1966, ọmọ ọ̀gẹ̀dẹ̀ ti wà nílẹ̀: Adejobi ló rọ́pò rẹ̀. Ní ọdún 1975, Àjọ Àwọn Ìjọ Àgbáyé gba ìjọ náà wọlé.

Ìdánwò ńlá sì ti dé kó tó di ìgbà náà. Ní ọjọ́ 18 oṣù Kọkànlá, ọdún 1969, ìjọba Busia pàṣẹ pé kí àjèjì tí kò ní ìwé ìgbélùú kúrò ní Gánà láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Àwọn èèyàn wa láti Ògbómọ̀ṣọ́, Ọ̀fà, Ìlọrin àti Èjìgbò di ẹrù wọn, wọ́n fi ilé àti ọjà sílẹ̀. Àwọn ìjọ Onítẹ̀bọmi tí àwọn oníṣòwò Yorùbá dá sílẹ̀ pàdánù ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọmọ ìjọ lẹ́ẹ̀kan náà. Ṣùgbọ́n ibi tí ọmọ onílẹ̀ ti ń gbàdúrà ní èdè Twi, àdúrà kò dáwọ́ dúró. Ohun tí a fi lé ẹlòmíràn lọ́wọ́ kò bá wa wọkọ̀ padà sílé.

Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ̀yin olùfẹ́ ilẹ̀ wa, a kò sọ pé gbogbo ẹni tó bá dìde ni wòlíì tòótọ́. Bẹ́ẹ̀ ni a kò sọ pé kò sí àdánù nínú kí ìjọ di ẹni iyì. Ìjọ tó ti ní yunifásítì lè gbàgbé ìyá aláìsàn tó kọ́kọ́ sùn sí ìloro rẹ̀, kó sì máa fi aládùúrà tuntun ṣẹ̀sín gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti fi òun náà ṣẹ̀sín rí. Nítorí náà, bí akẹ́kọ̀ọ́ bá bi yín léèrè nípa ìjọ tuntun tó wà ní òpópó yín, ẹ má ṣe fi ẹ̀rín dá a lóhùn. Ẹ ní kó béèrè ohun mẹ́ta: ta ni yóò rọ́pò olùdásílẹ̀? Ta ló ń ṣírò owó, tí ẹlòmíràn sì ń yẹ̀ ẹ́ wò? Ǹjẹ́ wọ́n ń jẹ́ kí ọmọ lọ sí ilé-ìwé, kí aláìsàn sì lọ sí ilé-ìwòsàn?

Ìjọ tó bá ní ìdáhùn rere sí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ẹ fún un ní àkókò. Èyí tí kò bá ní, bí ariwo rẹ̀ bá tilẹ̀ mi ìlú tìtì lónìí, eérú ni yóò fi bojú lọ́la.