Mọ́ṣáláṣí Shitta Bey àti Ọ̀rọ̀ Tí Ó Wà Nílẹ̀ Ní Àdúgbò Wa



Ó tó oṣù mẹ́ta báyìí tí ọ̀rọ̀ kan ti wà nílẹ̀ láàárín àwa jàmáà mọ́ṣáláṣí kan ní Òkòkòmáíkò, lórí ilẹ̀ tí ìdílé kan ní Ọ̀jọ́ fi tọrẹ fún wa. Àwọn ọ̀dọ́ wa, tí àwọn ọlọ́jà Ìyànà-Ìbà pọ̀ nínú wọn, ní kí á wó mọ́ṣáláṣí àtijọ́ náà palẹ̀, kí á kọ́ alájà méjì sí ipò rẹ̀. Wọn kò jẹ̀bi. Bí ó bá di ọjọ́ Jímọ́ọ̀, ìdajì wa ni ó ń kírun nínú oòrùn, àwọn obìnrin a sì tẹ́ ẹní dé etí gọ́tà. Àwọn àgbà ní kí á má wó o, nítorí pé àwọn bàbá wa ni ó fi ọwọ́ ara wọn po sìmẹ́ńtì rẹ̀. Èmi ni wọ́n fi ṣe akápò. Owó tí a dá jọ wà lọ́wọ́ mi, n kò sì mọ ìhà tí èmi ó gbè.

Nítorí náà ni mo ṣe dìde ní ọjọ́ Jímọ́ọ̀ kan. Mo wọ bọ́ọ̀sì dé Máìlì Túù, mo bọ́ sínú ọkọ̀ ojú irin tí ó ti ń ná ibẹ̀ sí Marina láti 2023. Mo fẹ́ fi ojú ara mi wo mọ́ṣáláṣí Shitta Bey ní Òpópó Martins, ní Èkó.

Oníṣòwò bíi tiwa ni ẹni tí ó kọ́ ọ. Ìlú Waterloo ní ilẹ̀ Sàró ni wọ́n ti bí Mohammed Shitta. Bàbá rẹ̀ jẹ́ Lèmọ́mù ní Fourah Bay. Ní 1844 ni wọ́n kó wá sí Bàdágìrì, ìlú tí ọ̀nà iwájú ilé wa yìí gan-an lọ, kí wọ́n tó wá sí Èkó. Obì, awọ ẹran àti ẹ̀gúsí wà nínú ohun tí ó ń tà, ó sì là tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi ń pè é ní Olówó Pupa. João Baptista da Costa, ọmọ Àgùdà, ni olórí iṣẹ́ náà. Sanusi Aka, tí í ṣe Mùsùlùmí, bá a kọ́ ọ. Ọjọ́ kẹrin oṣù Júláì 1894 ni wọ́n ṣí i. Gómìnà Carter wà níbẹ̀. Abdullah Quilliam, òyìnbó Liverpool tí ó di Mùsùlùmí, ṣojú Sultan ilẹ̀ Tọ́kì, ọ̀dọ̀ Sultan náà sì ni oyè Bey ti wá. Nínú lẹ́tà rẹ̀, ó rọ àwọn Mùsùlùmí Èkó pé kí wọ́n tẹ́wọ́ gba ẹ̀kọ́ ìwé òyìnbó.

Mo dúró níwájú ilé náà láàárín àwọn aláṣọ, mo ń wo ọnà tí wọ́n fi sìmẹ́ńtì ṣe sójú ògiri, àfi bí ẹni pé ọmọ Àgùdà náà ṣẹ̀ṣẹ̀ mú ọwọ́ kúrò níbẹ̀ ni. Ìwòran yìí ni ó dá mi dúró. Nígbà tí n ó fi ṣe àlùwàlá tán, inú ilé ti kún. Ìta ni mo ti kírun, lórí ẹní ẹlẹ́ni. Ẹ ò rí i bí? Mọ́ṣáláṣí Olówó Pupa náà kò gba èrò, síbẹ̀ wọn kò wó o. Ní 2013 ni ìjọba kà á sí ohun ìṣẹ̀ǹbáyé ilẹ̀ wa.

Lẹ́yìn ìrun, mo rìn dé Mọ́ṣáláṣí Gbogboogbò Èkó. Bàbá mi mú mi lọ sí ti àtijọ́ nígbà tí mo kéré, èyí tí wọ́n ṣí ní 1913. Ohun tí mo rántí kò ju ìtutù ilẹ̀ lábẹ́ àtẹ́lẹsẹ̀ mi lọ, àti bí bàbá mi ti há bàtà àwa méjèèjì mọ́ abíyá. Ní 1983 ni wọ́n wó o. Èyí tí ó wà níbẹ̀ láti 1988 tóbi, ó sì dára, n kò ní purọ́. Ṣùgbọ́n mo wá ibi tí bàbá mi dúró sí, n kò rí i.

Ní Tinubu, mo kọjá níbi tí Ilé Ìlójò wà rí. Láti 1956 ni ìjọba ti kà á sí ohun ìṣẹ̀ǹbáyé; wọ́n wó o ní 2016, bí ẹni wó àtíbàbà.

Nígbà tí mo délé, mo bẹ àwọn ará pé kí á kọ́kọ́ mú káfíńtà gun òrùlé. Ó gùn ún, ó ní igi méjì péré ni ikán jẹ. Mo wá ní kí á na mọ́ṣáláṣí náà sí ẹ̀yìn, níbi tí a ń kó búlọ́ọ̀kù sí. Ọ̀dọ́ kan tí ń ta tẹlifíṣọ̀n ní Alaba ní, “Àlàájì, ilẹ̀ yẹn kéré.” A fi okùn wọ̀n ọ́n: ẹsẹ̀ bàtà méjìdínlógún ni. A ó tún pàdé lẹ́yìn Iléyá.