Onígòjé Tí A Kì Í Dárúkọ



Níbi ìnáwó òkú àgbà kan tí a lọ ní Awẹ́, ẹgbẹ́ onísákárà ni àwọn ọmọ olóòkú pè. Àwọn ènìyàn ń lẹ owó mọ́ olórin níwájú orí, wọ́n sì ń fún àwọn onílù pẹ̀lú. Bàbá arúgbó kan jókòó lẹ́yìn wọn, ó gbé gòjé lé itan, ó ń ta á. Kò sí ẹni tí ó bojú wò ó. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó dáwọ́ dúró díẹ̀ láti nu òógùn ojú, gbogbo wa ni a mọ̀ pé ohun kan ti kúrò nínú orin náà.

Gòjé kì í ṣe ohun tí a ń fi ọjọ́ kan kọ́. Igbá ni ara rẹ̀, awọ awọ́nríwọ́n ni a fi ń bò ó lójú. Irun ìrù ẹṣin ni okùn rẹ̀, irun ẹṣin náà ni ó sì wà lára ọrun tí a fi ń ta á. Okùn kan ṣoṣo ni, kò sì sí àmì kan lọ́rùn rẹ̀ tí yóò sọ fún ìka ibi tí yóò tẹ̀: etí nìkan ni olùkọ́. Láti ọ̀dọ̀ àwọn Haúsá ni ó ti wọ ilẹ̀ wa, ó sì gba ipò mólò tí àwọn onísákárà ń fi ìka ta tẹ́lẹ̀. Bí olórin bá sọ̀rọ̀, gòjé a tún un sọ. Bí olórin bá dákẹ́ láti mí, gòjé ni kì í jẹ́ kí orin já.

Abibu Oluwa, tí wọ́n ń pè ní Oníwáàsí, wà lára àwọn tí ó kọ́kọ́ gbé sákárà sínú àwo ṣáájú ogun tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 1939. Inú ẹgbẹ́ rẹ̀ ni Yusuf Ọlátúnjí àti Salami Balógun, tí wọ́n ń pè ní Lefty, wà kí oníkálukú tó dá tirẹ̀ sílẹ̀. Ọlátúnjí, Bàbá L'Ẹ́gbàá, kò fi iṣẹ́ náà sílẹ̀ títí ó fi kú ní 1978. Orúkọ àwọn wọ̀nyí kò parẹ́. Ṣùgbọ́n ta ni ó ń ta gòjé lẹ́yìn wọn? Mélòó nínú wa ni ó lè dárúkọ ẹnìkan ṣoṣo?

Ibi tí ọ̀rọ̀ wà nìyí. Iṣẹ́ tí a kì í dárúkọ ẹni tí ń ṣe é, ọmọ kì í fẹ́ kọ́ ọ. Nígbà tí ìnáwó náà túká, a bi bàbá yìí bóyá ọmọ rẹ̀ kan ń ta gòjé. Ó ní ọkọ̀ ni ọmọ òun ń wà ní Ìbàdàn, òun kò sì dá a lẹ́bi, nítorí ọkọ̀ a máa mú owó wálé. Bí irú bàbá bẹ́ẹ̀ bá sùn, a ó gbé gòjé kọ́ sára ògiri, kòkòrò yóò sì jẹ irun rẹ̀.

Àwọn àgbà ní, yinni yinni kí ẹni lè ṣe òmíràn. Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ ń náwó, bí ẹ bá pe onísákárà, ẹ béèrè onígòjé. Ẹ lẹ owó mọ́ òun náà níwájú. Ẹ bi í ní orúkọ, kí ẹ sì pè é sókè kí gbogbo ayé gbọ́. Àwa tí a ń kọ èyí kò mọ́ nínú ẹ̀bi náà. A bá bàbá náà sọ̀rọ̀, a kí i, a sì padà sílé, kí a tó rántí pé a kò bi í ní orúkọ rẹ̀.