Bí ẹ̀gbọ́n àti ọmọ tuntun ṣe lè jọ sùn nínú yàrá kan, tí ìyá wọn náà yóò fi rójú sùn

Àwọn àgbà máa ń sọ pé ọmọ tó ní kí ìyá òun má sùn, òun náà kò ní fojú ba oorun. Ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń fi òwe yìí halẹ̀ mọ́ ẹni tó bá ń wá wàhálà ni, ṣùgbọ́n ohun tí ojú ọ̀pọ̀ abiyamọ ń rí lóru ní Mowe, Ibafo àti Ifọ̀ gan-an nìyẹn.

Ìpínlẹ̀ Ògùn ni àwọn ìlú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí wà. Mowe àti Ibafo wà létí òpópónà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn, Ifọ̀ ní tiẹ̀ wà lójú ọ̀nà Èkó sí Abẹ́òkúta. Níbẹ̀ ni ọ̀pọ̀ àwọn tó ń ṣiṣẹ́ l'Ékòó fi ṣe ibùgbé. Baálé ilé yóò ti jáde kí ilẹ̀ tó mọ́, súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọkọ̀ kò sì ní í jẹ́ kó tètè wọlé lálẹ́. Inú yàrá kan àti pálọ̀ ni ìyàwó rẹ̀ yóò ti máa tọ́jú ọmọ ọdún méjì àti ìkókó. Bí èyí bá sùn, ìyẹn á jí. Bí ìyẹn bá ké, èyí á gbè é.

Ohun àkọ́kọ́ tó yẹ kí òbí mọ̀ ni pé kì í ṣe ohun kan náà ló ń jí àwọn ọmọ méjèèjì. Ebi ló ń jí ìkókó. Inú rẹ̀ kéré, ìdí nìyẹn tó fi ń mu ọmú nígbà mẹ́jọ sí méjìlá láàárín ọ̀sán àti òru. Kò sì tíì mọ ọ̀sán yàtọ̀ sí òru, ó máa ń tó oṣù méjì sí mẹ́ta kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í mọ̀ ọ́n. Àjọ ìlera àgbáyé, WHO, sọ lọ́dún 2019 pé ọmọ tí kò tíì ju oṣù mẹ́ta lọ nílò oorun wákàtí 14 sí 17 láàárín ọjọ́ kan, ọmọ ọdún kan sí méjì sì nílò wákàtí 11 sí 14, pẹ̀lú oorun ọ̀sán.

Ti ẹ̀gbọ́n yàtọ̀. Àyè rẹ̀ tó bọ́ ló ń jí i. Láìpẹ́ yìí, òun nìkan ló ni ẹ̀yìn ìyá rẹ̀. Ní báyìí, wọ́n ti já a lẹ́nu ọmú, ẹlòmíì sì ti gba ipò rẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì. Bó bá ń jí lóru tó ń ké, tàbí tó tún bẹ̀rẹ̀ sí í tọ̀ sórí ibùsùn lẹ́yìn tó ti jáwọ́, kì í ṣe pé ó ya ìpáǹle, kì í sì í ṣe pé ayé ń ṣe é. Ó ń béèrè bóyá àyè òun ṣì wà ni. Ẹni tó bá nà án ti dá a lóhùn pé kò sí mọ́.

Nítorí náà, bí ẹ bá fẹ́ kí ẹ̀gbọ́n yí ibi tó ń sùn padà, oṣù méjì ṣáájú ìkúnlẹ̀ ni kí ẹ ti ṣe é, kó má baà dà bíi pé àbúrò ló lé e. Lẹ́yìn ìkúnlẹ̀, òun ni kí ẹ kọ́kọ́ tẹ́ sùn lálẹ́. Ẹ má jẹ́ kí oorun ọ̀sán rẹ̀ kọjá aago mẹ́ta. Bó bá di aago méje alẹ́, ẹ wẹ̀ fún un, ẹ fún un lóúnjẹ, ẹ pa àlọ́ kékeré kan fún un, kí ẹ sì tẹ́ ẹ síbi kan náà lójoojúmọ́. Ọmọdé kò mọ aago. Bí nǹkan ṣe ń tẹ̀ lé ara wọn ló fi ń mọ̀ pé oorun ti yá. Ní gbogbo àsìkò yìí, kí ìyá àgbà tó wá wẹ ọmọ gbé ìkókó dání. Bí kò bá sí ẹnìkankan, ẹ fún ìkókó lọ́mú ná, kí ẹ sì pọ̀n ọ́n. Bàbá tó bá wọlé ní aago mẹ́wàá kò gbọ́dọ̀ jí ẹ̀gbọ́n nítorí àtibá a ṣeré.

Bí ìkókó bá jí lóru, iná tó mọ níwọ̀nba ni kí ẹ lò, ẹ má sì bá a sọ̀rọ̀ púpọ̀. Bó bá di ọ̀sán, ẹ ṣí fèrèsé kí ìmọ́lẹ̀ wọlé. Ẹ má sì bẹ̀rù ẹkún rẹ̀ jù, ó máa ń mọ́ ọ̀pọ̀ ẹ̀gbọ́n létí láàárín ọjọ́ díẹ̀, débi pé wọn kò ní í jí sí i mọ́.

Ibi tí oníkálukú yóò sùn ló gba àkíyèsí jù, nítorí ọ̀rọ̀ ẹ̀mí ni. Kí ìkókó fi ẹ̀yìn lélẹ̀, kó kọjú sókè, lórí ohun tó tẹ́jú tí kò rọ̀ jù. Ọdún 1994 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ ìpolongo yìí káàkiri Amẹ́ríkà, iye ìkókó tó ń kú lójijì lójú oorun níbẹ̀ sì dín kù tó ìdajì láàárín ọdún mẹ́wàá. Lọ́dún 2022, ẹgbẹ́ àwọn dókítà ọmọdé ilẹ̀ náà tún un sọ pé kí ìkókó wà nínú yàrá òbí fún oṣù mẹ́fà ó kéré tán, ṣùgbọ́n lórí ibùsùn tirẹ̀. Ibùsùn náà kò ní láti jẹ́ olówó gọbọi. Láti ọdún 1938 ni ìjọba Finland ti ń fún àwọn aláboyún ní páálí tí ẹrù ọmọ wà nínú rẹ̀, inú páálí yẹn náà sì ni ọ̀pọ̀ ìkókó sùn.

Níbi tí bẹ́ẹ̀dì bá ti jẹ́ ẹyọ kan, ẹ̀gbọ́n kò gbọ́dọ̀ sùn ti ìkókó. Ọmọ ọdún méjì a máa yí kiri lójú oorun, ó sì lè gbé apá lé imú àbúrò rẹ̀ láìmọ̀. Kó sùn lórí ẹní pẹ̀lú bàbá rẹ̀, tàbí kí ìyá wà láàárín wọn. Ẹ kó ìrọ̀rí àti aṣọ ìbora kúrò nítòsí ojú ìkókó, kí ẹ sì ta nẹ́ẹ̀tì apẹ̀fọn bo àwọn méjèèjì. Bí iná bá lọ, ẹ jẹ́ kí jẹnẹrétọ̀ jìnnà sí fèrèsé àti ẹnu ọ̀nà, èéfín rẹ̀ ń pani lójú oorun.

Ibi tí nǹkan ti máa ń bàjẹ́ ni òru ọjọ́ tó bá ti rẹ ìyá kọjá àlà. Ẹnìkan á ní kó fún àwọn ọmọ ní Piriton díẹ̀, ẹlòmíì á ní kó fi ọtí kan ìkókó lẹ́nu. Àwọn nǹkan wọ̀nyí lè dí èémí ọmọ. Kò sì yẹ kí òbí kankan gbàgbé ọdún 2008, nígbà tí májèlé wà nínú oògùn olómi kan tí wọ́n ń pè ní My Pikin, tí wọ́n ń tà fún ọmọ tó ń hu eyín. Ó lé ní 80 ọmọ tó bá a lọ ní Nàìjíríà. Ìfọ̀kànbalẹ̀ ọmọ wọn làwọn òbí náà ń wá. Bí ara ìkókó bá sì gbóná, tí kò mu ọmú, tàbí tó sùn débi pé kò ṣeé jí, ọ̀rọ̀ ti kúrò ní ti oorun, ilé ìwòsàn ló kàn.

Yàrá kan tó ọmọ méjì láti sùn, bí oníkálukú bá ní àyè tirẹ̀ àti àsìkò tirẹ̀. Ṣùgbọ́n ìyá nìkan kò lè dá a ṣe. Bàbá tó bá mú ẹ̀gbọ́n jáde lọ́sàn-án ọjọ́ Sátidé, aládùúgbò tó bá gba ìkókó dání fún wákàtí kan, oorun ni wọ́n fún ìyá náà. Ìyá tó bá sì rí oorun sùn kì í sáré wá ohun tó máa rọ sí ọmọ lẹ́nu lóru.