Igbó Aládàáni Kò Ṣeé Wọ̀n Láti Òfurufú Nìkan

Púpọ̀ nínú igbó tó hù fúnra rẹ̀ ní ìpínlẹ̀ New South Wales, lórílẹ̀-èdè Ọsirélíà, ló wà lórí ilẹ̀ àwọn àgbẹ̀ àti olósìn màlúù. Igi bíi blackbutt, spotted gum àti ironbark ló kún ibẹ̀, igi líle tí àwọn onípákó ń wá kiri. Onílẹ̀ kò kàn lè gbé ayùn wọ inú rẹ̀. Ó gbọ́dọ̀ gba àṣẹ lọ́wọ́ Local Land Services, iléeṣẹ́ ìjọba ìpínlẹ̀ náà, kó sì tẹ̀ lé ìlànà ìgégi tí wọ́n tún ṣe ní 2022. Ṣùgbọ́n ìwé àṣẹ kì í sọ ohun tó ń gbé inú igbó tán. Èrò mi ni pé ẹni tó bá fẹsẹ̀ rìn ín, tó sì bá onígbó sọ̀rọ̀, nìkan ló lè mọ̀ ọ́n.

Àwọn kan á ní kí wá ni sátẹ́láìtì wà fún. Lóòótọ́, ó ń fi ibi tí ewé bò hàn, ìtànṣán léṣà láti inú bàálù sì lè wọn gíga igi. Àmọ́ ihò ara igi ńkọ́? Greater glider, ẹranko tó máa ń fò láti orí igi kan bọ́ sí òmíràn lóru, àti òwìwí ńlá tí wọ́n ń pè ní powerful owl, inú ihò igi àgbà ni wọ́n ń bímọ sí, igi eucalyptus sì sábà máa ń lò ju 100 ọdún lọ kó tó ní irú ihò bẹ́ẹ̀. Igbó méjì lè ga bákan náà nínú àwòrán, kó jẹ́ pé wọ́n ti gé gbogbo igi àgbà inú ọ̀kan tán tipẹ́. Iná ọdún 2019 sí 2020 jó ohun tó lé ní mílíọ̀nù 5 hẹ́kítà ní ìpínlẹ̀ yìí. Síbẹ̀ eucalyptus máa ń rúwé lára ìtì rẹ̀ lẹ́yìn iná, òkè á tutù yọ̀yọ̀ nígbà tí ẹranko ò tíì padà sílé. Lantana pàápàá, òdòdó tí àwa ń gbìn sí iwájú ilé, ti di èpò burúkú lọ́hùn-ún, abẹ́ igi ló sì ń ràn sí.

Àtakò tó wúwo jù ni ti onígbó fúnra rẹ̀. Láti 2022 ni òfin ti ka koala, ẹranko tó ń gbé orí igi, mọ́ ẹranko tó wà nínú ewu ìparun níbẹ̀. Ta ló máa fẹ́ kí wọ́n rí i lóko òun, bí ìyẹn bá lè dí iṣẹ́ òun lọ́wọ́? Ìbẹ̀rù yẹn kì í ṣe àìmọ̀kan. Ìdí nìyẹn tí kò fi yẹ kí ẹni tó wá wọn igbó jẹ́ ẹni tó máa pe onígbó lẹ́jọ́, àbájáde sì gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ dé ọwọ́ onílẹ̀. Ní ti owó tí wíwọn igbó máa ná, kò pọn dandan kí wọ́n ka gbogbo igi: sátẹ́láìtì lè tọ́ka àwọn ibi díẹ̀ tó yẹ kí wọ́n yẹ̀ wò, kí wọ́n sì gbé ẹ̀rọ tí ń gba ohùn sílẹ̀ síbẹ̀, nítorí akọ koala máa ń ké lóru ní àsìkò tí akọ ń gun abo. Ìpínlẹ̀ Victoria ti dá gígé irú igbó yìí lórí ilẹ̀ ìjọba dúró láti oṣù kìíní 2024, ojú àwọn oníṣòwò pákó sì lè yí sí igbó aládàáni. Kí ìjọba san owó àwọn tí yóò rìn ín nísinsìnyí, kí ayùn tó ṣíwájú wọn débẹ̀.