Ìgbà Wo Ni Ká Gbéra Ká Lè Bá Ọkọ̀ Ọjà?

Nílé, a mọ ìgbà tó yẹ ká gbéra lọ sọ́jà láìronú. Níhìn-ín, ọ̀nà ṣì ṣàjèjì sí wa. Ẹni tó bá kó tòmátì dé títì lẹ́yìn tí ọkọ̀ ti lọ, àdánù ló rù padà sílé. Ìṣirò kékeré kan lè gbà wá.

Ẹ fi iye kìlómítà tí ẹ lè rìn ní wákàtí kan pín bí ọ̀nà ṣe jìn tó. Iye wákàtí tí ẹ ó lò nìyẹn. Ẹni tó ń rìn lọ́wọ́ òfo lè rin nǹkan bíi kìlómítà 5 ní wákàtí kan. Bó bá ru ẹrù, ẹ jẹ́ ká pè é ní 4.

Bí títì bá jìn tó kìlómítà 10, ẹ fi 4 pín 10: wákàtí 2 ààbọ̀ ni. Bí ọkọ̀ bá ń lọ ní aago 7 àárọ̀, ẹ gbéra ní aago 4 ààbọ̀ ìdájí. Lásìkò òjò, ẹ tún fi ìdajì wákàtí ṣíwájú nítorí ẹrẹ̀.

Ẹni tó ń fi máìlì ka ọ̀nà, kó rántí pé máìlì 5 jẹ́ nǹkan bíi kìlómítà 8. Tí ọjà bá ku ọ̀la, ẹ pe àwọn ọmọ yín, kí ẹ jọ ṣe ìṣirò náà.